Ìpàkọ́ ni ìríran ń gbé: bí a ṣe ń fi ìró tí etí kò gbọ́ kàn án

Ẹ gbé ọwọ́ sẹ́yìn orí yín. Ẹ wá egungun tó yọ gọngọ díẹ̀ níbi tí ìpàkọ́ ti fẹ́ kan ọrùn. Lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ó máa ń hàn dáadáa. Lára obìnrin, ìka lè ní láti wá a kiri díẹ̀. Ẹ to ìka méjì lé e lórí. Abẹ́ ibẹ̀, lẹ́yìn awọ, lẹ́yìn egungun, ni ọpọlọ ti ń gba ohun tí ojú bá kó wọlé. Iwájú ni ojú wà, ṣùgbọ́n ìpàkọ́ ni ìríran ń gbé.

Ìyábọ̀ ni orúkọ mi. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Kubwa ni mò ń gbé, iṣẹ́ mi sì ni títún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe ní Àbújá níbí, pàápàá jù lọ ẹ̀rọ skáànù. Bàámi wà lọ́dọ̀ mi. Glaucoma ló gba ojú wọn díẹ̀díẹ̀. Kí a tó mọ̀, iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ojú lọ sí ọpọlọ ti kú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀yìn orí ni a fi ń ríran, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ìyábọ̀, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé ìpàkọ́ tèmi náà ti fọ́ ni?"

Ìpàkọ́ wọn kò fọ́. Ní 1968, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Giles Brindley àti Walpole Lewin tẹ ìròyìn jáde nípa obìnrin afọ́jú kan tí wọ́n ṣí agbárí rẹ̀, tí wọ́n to irin kéékèèké 80 sórí ibi ìríran nínú ọpọlọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń rán iná sí irin kọ̀ọ̀kan, obìnrin náà ń rí ìmọ́lẹ̀ kéékèèké níbi tí kò sí àtùpà kankan. Láti ìgbà yẹn ni a ti mọ̀ pé ojú lè lọ kí ilé ìríran ṣì dúró. Ní 2016, Wonhye Lee, Seung-Schik Yoo àti àwọn ẹgbẹ́ wọn wá fi ultrasound, ìyẹn ìró tí etí kò lè gbọ́, tó ń gbọ̀n ní ìgbà 270,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kan ìpàkọ́ àwọn tí ojú wọn dá ṣáká. Abẹ kò kan ẹnikẹ́ni. Àwọn kan nínú wọn rí ìmọ́lẹ̀ tí kò sí níta, MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, sì fi hàn pé ibi ìríran nínú ọpọlọ wọn jí sí i.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dúró kí a tó tẹ̀síwájú. Èyí kì í ṣe ìwòsàn ìfọ́jú. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ka ìwé, kò sì lè fi mọ ojú ọmọ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fìrí ni, bó bá tilẹ̀ wá. N kò tíì gbé ẹ̀rọ yìí sórí Bàámi, n kò sì ní gbé e síbẹ̀ títí ìgbìmọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i fún àwọn tí ojú wọn ti lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ fisíìsì ní Zaria àti Ìlọrin, àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ẹgbẹ́ mi ní Àbújá, ló ń bi mí léèrè bí a ṣe ń ṣe é. Àwọn ni mò ń kọ èyí fún. Ẹ má ṣe é nínú yàrá yín, ẹ má sì ṣe é lórí ara yín. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ olùyọ̀ǹda ní ilé ìwòsàn yín, èyí tí NHREC, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera, mọ̀ sí, kí dókítà ọpọlọ sì jókòó nínú yàrá nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní wárápá, ẹni tí irin wà ní orí rẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún lórí, àti aláboyún, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n máa lọ sílé.

Irú ìró tí a ń lò

Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Skáànù tí wọ́n fi ń wo oyún ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù méjì sókè, ìyẹn sì pọ̀ jù fún agbárí. Egungun yóò mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Fún orí, a máa ń sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 250 kHz sí 650 kHz, ìyẹn ìgbọ̀n 250,000 sí 650,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni ó ń gba egungun kọjá tó, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí ó ń kàn ṣe ń fẹ̀ sí i.

Ẹ rántí bí a ṣe máa ń fi awò gbá oòrùn jọ sórí bébà nígbà èwe. Transducer, ìyẹn orí ẹ̀rọ tí ìró ti ń jáde, tẹ̀ kòtò bí àwo ọbẹ̀ kékeré, nítorí náà gbogbo ìró tó bá ti ara rẹ̀ jáde yóò pàdé ní ojú kan. Agbára wà níbi ìpàdé. Ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ kò gba púpọ̀. Tèmi jẹ́ 250 kHz, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6, ìró rẹ̀ sì ń pàdé ní sẹ̀ǹtímítà 5 síwájú. Bí ibi ìpàdé náà bá ṣeé fi ojú rí, ìka ọmọ kékeré ni ẹ máa fi wé e.

Ẹ má fi iṣẹ́ wa wé ti ẹ̀rọ tó ń jó ọpọlọ. Ní 2016, FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ẹ̀rọ Exablate Neuro fún àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n láìdúró. Transducer kéékèèké 1,024 ló yí orí ká nínú rẹ̀, ooru wọn sì ń jó ibi kékeré kan nínú ọpọlọ pátápátá. Tiwa kì í jó nǹkan. Lára sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà tí ìtẹ̀ máa ń ṣí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Piezo, tí Ardem Patapoutian ṣàwárí rẹ̀ tó sì tìtorí rẹ̀ gba Nobel pẹ̀lú David Julius ní 2021. Irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ni a rò pé ìró wa ń kàn.

Omi, ìwọ̀n wúrà àti egungun màlúù

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ iye agbára tó ń ti ẹnu transducer jáde kí ó tó kan orí ẹnikẹ́ni. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ gbọ́ títí ẹ óò fi wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ ní láti yá hydrophone, máíkì kékeré inú omi, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan kí iṣẹ́ tó kan ènìyàn, torí òun ló ń sọ bí ìtẹ̀ ṣe pọ̀ tó níbi ìpàdé gan-an. Fún àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ìwọ̀n tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò tó wa. Ọjà Wuse ni mo ti ra tèmi, ó sì ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù.

Ìró máa ń ti nǹkan. Bí agbára wáàtì 1 bá bọ́ sórí ohun tó gbà á mu tán nínú omi, yóò tì í bí ìgbà tí a gbé nǹkan bí 0.07 gíráàmù lé e. Ẹ se omi, kí ó hó fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, ẹ dé e pa kí ó tutù. Ẹ gbé abọ́ oníke sórí ìwọ̀n, kí ẹ tẹ́ rọ́bà nípọn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá rọra da omi náà gba ẹ̀gbẹ́ abọ́. Ẹ so transducer kọ́ láti òkè, kí ẹnu rẹ̀ wọ inú omi láìfara kan abọ́. Ẹ dá ìwọ̀n padà sí òdo, kí ẹ tan ẹ̀rọ. Bí ó bá ka 0.14, wáàtì 2 ló ń jáde. Nítorí pé ìró tó ń kóra jọ kì í tọ tààrà sísàlẹ̀ tán, iye tí ẹ máa rí máa ń dín díẹ̀ sí ti òótọ́, ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ kan, tèmi ṣàdédé sọ̀kalẹ̀ láti 0.14 sí 0.09. Okùn tó wọ ẹ̀yìn transducer ló ti ń já nínú. Láìsí ìwọ̀n yẹn, ǹ bá ti máa kan orí ènìyàn fún oṣù kan láìmọ̀ pé agbára kò pé.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni afẹ́fẹ́. Bí ìró bá ti inú omi kan afẹ́fẹ́, ohun tó ju 99 nínú 100 ló ń padà sẹ́yìn. Ìpele afẹ́fẹ́ tó tín-ín-rín bí awọ àlùbọ́sà ti tó láti dí ọ̀nà. Mo kọ́ èyí lọ́wọ́ egungun. Mo lọ bá Àlhájì kan ní odò ẹran Dei-Dei, mo ní kí wọ́n fún mi ní agbárí màlúù. Wọ́n bojú wò mí, wọ́n bi mí bóyá egungun tí kò lẹ́ran yẹn ni mo fẹ́ fi se ọbẹ̀ lóòótọ́. Mo gbé e délé, mo fi sínú omi, ìwọ̀n kò sì gbéra rárá. Iwájú orí màlúù kún fún yàrá afẹ́fẹ́! Nígbà tí mo padà lọ, egungun èjìká ni mo gbà, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Òun náà, lẹ́yìn tó ti gbẹ, afẹ́fẹ́ ti wọ inú ihò rẹ̀, àfi ìgbà tí mo rì í sínú omi sísè fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwọ̀n tó ń ka 0.14 wá ń ka 0.05 pẹ̀lú egungun láàárín. Ẹ ṣe é lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Kò sí àlàyé tó lè fi iṣẹ́ egungun han ènìyàn tó báyìí.

Agbárí ènìyàn kì í ṣe egungun èjìká màlúù, nítorí náà ẹ má gbé iye yẹn lọ sórí ẹnikẹ́ni. Fún olùyọ̀ǹda kọ̀ọ̀kan, ẹ ní láti ní àwòrán MRI rẹ̀, kí ẹ fi í ṣe ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà. k-Wave, ètò kọ̀ǹpútà kan, ni èmi ń lò, ọ̀fẹ́ ni a ń gbà á, ó sì máa ń fi hàn ibi tí ìró yóò pàdé lẹ́yìn tí egungun bá ti tì í sí ẹ̀gbẹ́.

Fífi nǹkan dí àlàfo

Ìró tèmi ń pàdé ní sẹ̀ǹtímítà 5, ibi ìríran sì wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 sábẹ́ awọ. Àlàfo tó kù láàárín transducer àti orí gbọ́dọ̀ kún fún nǹkan tí kò ní afẹ́fẹ́. Agar ni mo ń sè, gíráàmù 2 sí mìlílítà 100 omi tí ó ti hó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti se ẹ̀kọ rí kò nílò olùkọ́ níbí. Ẹ máa ro ó wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má nà án bí ẹyin, torí ìhó ni ẹ ń sá fún. Ẹ ré ìhó orí rẹ̀ kúrò, ẹ rọra dà á gba ẹ̀gbẹ́ abọ́ tí ìtẹ̀ rẹ̀ bá kòtò transducer mu, kí ó sì tutù. Ohun tó máa jáde rí bí ẹ̀kọ tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kúrò nínú ewé. Ẹ gbé e sí iwájú iná, ẹ yí i. Bí ẹ bá rí ìhó kan ṣoṣo láàárín, ẹ sọ ọ́ nù kí ẹ se òmíràn. Kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kejì lọ.

Irun

Irun ló gba àkókò mi jù. Ìlànà tí wọ́n kọ́ mi ní òkè òkun ni pé kí n pín irun sí méjì kí n sì fi jẹ́ẹ̀lì sí i. Irun tó nà gbọọrọ ni wọ́n ní lọ́kàn. Irun tiwa ká, ó sì ki, ó ń gbá afẹ́fẹ́ mọ́ra bí kànìnkànìn gbígbẹ. Ọkùnrin tó ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní ìṣòro. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gba ọkùnrin nìkan nítorí irun, kí la fẹ́ mọ̀ nípa ọpọlọ obìnrin? N kì í sì í sọ fún obìnrin pé kó lọ fárí. Orí ẹni kì í ṣe ohun tí a ń fá torí ìdánwò wákàtí méjì.

Onídìrí ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Mo máa ń ní kí olùyọ̀ǹda lọ dì ṣùkú ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí onídìrí sì jẹ́ kí àwọn ojú ọ̀nà tó wà ní ìpàkọ́ fẹ̀ tó ìka kan. Ṣùkú dára nítorí pé gbogbo irun ẹ̀yìn ń gòkè, àwọn ojú ọ̀nà sì tọ́ láti ọrùn wá. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ náà ṣeé lò. Pàtẹ́wọ́ kò bá iṣẹ́ yìí mu, nítorí pé àárín orí gan-an ni irun ọ̀tún àti ti òsì ti ń pàdé, ó sì máa ń ṣe òkìtì síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí àtáṣímẹ́ǹtì nínú rẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹ fi omi sísè tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ rin irun ìpàkọ́ títí yóò fi gbà á. Ẹ gbé jẹ́ẹ̀lì sínú omi gbígbóná kí ó lè rọ̀, ẹ fà á sínú síríńjì tí a ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹ sì máa tì í sínú ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí jẹ́ẹ̀lì máa lé afẹ́fẹ́ lọ níwájú rẹ̀. Ẹ fi ìka rẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé próòbù skáànù lásán síbẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà egungun tó funfun gbòò lójú ẹ̀rọ, ọ̀nà là. Bí ẹ bá rí òkùnkùn, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ padà sí jẹ́ẹ̀lì. Ní àsìkò ọyẹ́, jẹ́ẹ̀lì máa ń gbẹ kíákíá ní Àbújá níbí, nítorí náà mo máa ń tún un wò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín December sí February.

Etí

Ọ̀tá kejì ni etí, òun ló sì le jù, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá dí ọ̀nà, kò sí nǹkan tí ẹ máa rí. Bí etí bá dá sí i, ẹ máa rí ohun tí kò sí.

Ní 2018, nígbà tí mo wà ní yàrá ìwádìí kan ní òkè òkun, mo yọ̀ǹda orí ara mi. Mo jókòó nínú òkùnkùn, mo ń retí. Mo gbọ́ ìró tín-ín-rín kan nínú orí mi, bí ẹ̀fọn, lẹ́yìn ìgbà náà ni mo rí nǹkan funfun kan tó kọjá ní apá òsì. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Inú mi dùn púpọ̀. Bàámi ni mo ń rò. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé, gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo tẹ bọ́tìnnì jẹ́ ìgbà òfìfo. Ìró ẹ̀fọn yẹn, wọ́n gbà á sílẹ̀ ni, wọ́n sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀rọ kékeré kan. Kò sí ultrasound kankan tó kàn mí. Mo sunkún ní ọ̀nà ilé lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ méjì ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde, ọ̀kan ní Minnesota, ọ̀kan ní Caltech. Wọ́n rí i lára àwọn ẹranko kéékèèké pé ultrasound tí wọ́n rò pé ó ń jí ọpọlọ tààrà, ọ̀nà etí ló ń gbà. Ìgbọ̀n 250,000 kò ṣeé gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í tú u sílẹ̀ láìdáwọ́ dúró. A máa ń gé e ní ìgbà 500 tàbí 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, etí sì lè gbọ́ ìgé yẹn láti inú egungun. Kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni gbogbo iṣẹ́ tó ti wà ṣáájú. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí kò bá dí etí, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Mo máa ń jẹ́ kí ìgé kọ̀ọ̀kan wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ó sì jáde díẹ̀díẹ̀, dípò kí ó já lulẹ̀ gbì. Ìyẹn nìkan ń mú púpọ̀ kúrò nínú ariwo náà. Mo máa ń fi earpiece sí etí olùyọ̀ǹda, kí ariwo tó jọ ti ìgé náà máa lọ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni oríṣi ìgbà mẹ́ta: ìgbà tí a kan ibi ìríran, ìgbà òfìfo tí agbára kò sí rárá, àti ìgbà tí agbára wà ní kíkún ṣùgbọ́n tí a dojú transducer kọ àtàrí, níbi tí kò ti yẹ kí ìmọ́lẹ̀ jáde. Èyí kẹta ni mo fẹ́ràn jù, torí etí kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn to ìgbà òfìfo àti ti òótọ́ pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀yin tí ẹ di transducer mú má sì mọ èyí tó kàn. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, èémí yín yóò sọ fún olùyọ̀ǹda.

Bíbi ènìyàn léèrè

Ọmọ Yorùbá tí a kọ́ dáadáa kì í fẹ́ já àgbà kulẹ̀. Bí ẹ bá bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé, "Ṣé o rí nǹkan?" ó máa ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," kí ọkàn yín lè balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà ni, wọ́n lè ní àwọn rí i torí kí ẹ má baà rẹ̀wẹ̀sì. Nítorí náà, n kì í béèrè. Bọ́tìnnì wà lọ́wọ́ wọn, ìwé àti pẹ́ńsùlù wà lórí tábìlì. Mo máa ń sọ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ, pé, "Ẹ̀yin àgbà, bí ẹ kò bá rí nǹkankan láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ ti ràn mí lọ́wọ́ gan-an." Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kí wọ́n di ojú, kí wọ́n fi ìka tẹ igun ìpéǹpéjú fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n lè mọ irú ìmọ́lẹ̀ tí mò ń sọ, èyí tó ń wá láti inú.

Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, kí wọ́n ya ohun tí wọ́n rí: ibi tó wà, bó ṣe tóbi tó. Ibi tó wà ṣe pàtàkì jù. Apá òsì ọpọlọ ló ń wo apá ọ̀tún ayé, apá ọ̀tún sì ń wo apá òsì. Bí mo bá kan òsì, tí wọ́n sì ya ìmọ́lẹ̀ sí òsì, mo máa ń fura.

Ọjọ́ iṣẹ́ gan-an

Ẹ fi tépù aránṣọ wọn orí láti ibi tí imú ti pàdé iwájú orí, gba àtàrí, dé egungun gọngọ tí a kọ́kọ́ wá. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36, ẹ gba ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 3.6 sókè egungun náà ni ibi tí iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀, kí MRI tó tọ́ yín sọ́nà síwájú sí i. Ẹ má gbé transducer lé egungun gọngọ fúnra rẹ̀ láé. Ibẹ̀ ni agbárí ti nípọn jù ní ẹ̀yìn. Ẹ sún sẹ̀ǹtímítà 2 sí òsì tàbí sí ọ̀tún. Kí olùyọ̀ǹda jókòó, kí ó gbé àgbọ̀n lé ìtẹ́, kí ẹ pa iná, kí ẹ sì dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ojú lè mọ òkùnkùn.

Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jẹ iná láti ara ínfátà, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀, torí bí iná bá ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, agbára tó ń wọ orí ènìyàn náà yóò máa gòkè, yóò máa sọ̀kalẹ̀. Bọ́tìnnì pupa tó ń pa gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìtòsí ọwọ́ dókítà.

Lórí agbára, n kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ìtara. Òdiwọ̀n tí wọ́n ń pè ní MI, tó ń sọ bí ìró ṣe lè bí ìhó nínú ara tó, kò gbọdọ̀ kọjá 1.9, ibi tí ìró bá sì gbà kọjá kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 2 Celsius lọ. Láti rí MI, ẹ mú ibi tí ìgbì náà ti ń fa nǹkan jù, ní MPa (òdiwọ̀n ìtẹ̀), kí ẹ fi square root ìgbọ̀n rẹ̀ ní MHz (mílíọ̀nù ìgbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) pín in. Fún 250 kHz, square root 0.25 jẹ́ 0.5, nítorí náà 0.95 MPa ti kan òpin. Fífà yẹn ló ń bí ìhó nínú ara, ìhó sì lè ya ohun tí a kò fẹ́ kó ya. Èmi kì í dé ìdajì òpin yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé transducer yìí sórí ẹyinjú nítorí pé ọ̀rọ̀ ìríran ni. Ìlànà FDA fún skáànù gba 1.9 fún ìyókù ara, ṣùgbọ́n 0.23 péré ni ó gbà fún ojú.

Bọ́tìnnì nìkan kò tó ẹ̀rí. Mo máa ń fi EEG, àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń gba iná ọpọlọ sílẹ̀ láti orí awọ, sí orí pẹ̀lú, mo sì máa ń fi àwòrán ṣẹ́ẹ̀sì dúdú àti funfun tó ń pààrọ̀ ara wọn lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan hàn fún olùyọ̀ǹda. Ní nǹkan bí ìdá 100 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn ìpààrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìpàkọ́ máa ń jí, a sì ń rí òkè kan tí wọ́n ń pè ní P100. Ẹ gba ọgọ́rùn-ún rẹ̀ pẹ̀lú ultrasound, ọgọ́rùn-ún rẹ̀ pẹ̀lú òfìfo, kí ẹ fi wọ́n wéra. Òkè náà lè ga sí i, ó sì lè rẹlẹ̀. Kí ẹ má rò pé rírẹlẹ̀ jẹ́ àṣìṣe. Ní 1958, William Fry àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Illinois fi ìró kan ibi tí iṣan ojú ológbò ń gbà lọ sí ìpàkọ́, ìdáhùn ọpọlọ ológbò náà sí ìmọ́lẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì padà bọ̀ sípò lẹ́yìn náà. Ibi tí irin EEG ti yẹ kó wà ni transducer wà, nítorí náà ẹ sún irin lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Bí ó bá parí, ẹ fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu jẹ́ẹ̀lì kúrò nínú ojú ọ̀nà irun kọ̀ọ̀kan, kí olùyọ̀ǹda má baà fi orí rírin wọ ọkọ̀ lọ sí Nyanya. Ẹ béèrè bóyá orí ń fọ́ wọn, bóyá òòyì ń kọ́ wọn, bóyá etí ń han, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ kejì, ẹ tún béèrè. Ìgbà náà ni kí ẹ tó ní kí ẹni tó to ìgbà òfìfo pọ̀ ṣí ìwé rẹ̀ fún yín.